Obì Aláwẹ́ Mẹ́ta Lójú Ọ̀run

Tí o bá wọ ẹ̀yìnkùlé wa ní Ire nígbà obì, òórùn èèpo funfun tó ti rà nínú omi ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ. Ìyá mi ló ń tà á, èmi ni mò ń bó o. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìlá, ní nǹkan bí ọdún 1996, ṣe ni mo máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ní àfọ̀túnfọ̀ kí wọ́n má baà pè mí ní ará oko.

Olùkọ́ físíìsì wa ń wá ẹnì kan tí yóò sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀gá ilé ìwé tó fẹ́ gba olùkọ́ tuntun. Ẹni tó bá wù wọ́n, iṣẹ́ ti bá a nìyẹn. Àwa méjì ló ní ká kọ́kọ́ dánra wò nínú kíláàsì. Èmi ni mò ń gba ipò kìíní, mo sì ti gbà pé tèmi ni.

Mo kọ ìṣirò kún pátákó. Mo ní ìràwọ̀ ńlá tó bá kú lè fún pọ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ku nútírọ̀nù, èérún inú átọ́ọ̀mù, nìkan, àti pé àwọn onímọ̀ kan rò pé ó tún lè fún jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí nútírọ̀nù fọ́ di kúáákì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń yán.

Ó wá kan ọmọbìnrin kan, ọmọ tíṣà láti Ọ̀tan, tí kò bó obì rí láyé rẹ̀. Ó gbé agbọ̀n obì àbàtà jáde. Ó ní nútírọ̀nù dà bí obì aláwẹ́ mẹ́ta, awẹ́ ni kúáákì. Ìràwọ̀ nútírọ̀nù ni agbọ̀n tí a to odindi obì sí pinpin. Tí wọ́n bá tún tẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo obì á là, awẹ́ á dà pọ̀, àlàfo á dí, kò sì sẹ́ni tó máa mọ awẹ́ tó jẹ́ ti obì wo mọ́. Ìràwọ̀ kúáákì nìyẹn, ó sì lè kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Obì tí mo fi gbogbo èwe mi bó, òun ló wá ń fi gbayì lójú mi! Ó ṣe mí bíi kí n da agbọ̀n náà nù.

Olùkọ́ wa béèrè èwo nínú ìràwọ̀ méjèèjì ló wà lóòótọ́. Mo sáré nawọ́, mo ní méjèèjì ni, mo tún ń tọ́ka sí ìṣirò mi.

Ọmọbìnrin náà dáhùn pé: “Ti nútírọ̀nù, wọ́n ti rí i, sà. Ti kúáákì, a ò tíì mọ̀.”

Òun ni wọ́n mú, iṣẹ́ sì bọ́ sí i lọ́wọ́ kí èmi tó rí tèmi. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti dárí àpèjúwe yẹn jì í. Ṣùgbọ́n bó ṣe la ẹnu sọ pé òun ò mọ̀, tí ojú ò tì í, tí wọ́n tún yìn ín, mo ṣì ń jowú ìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, bí ọmọ kan bá béèrè ohun tí mi ò mọ̀, ara mi ṣì máa ń gbóná kí n tó lè sọ pé mi ò mọ̀.