Ogun Epo tó Bá Màmá Nílé

Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú ìyá arúgbó kan ní Kùwéètì. Ọmọ Ifọ̀ ni mí, Mowe ni mo ń gbé báyìí. Owó tí mo kó bọ̀ láti ibẹ̀ ti tán tipẹ́. Àárẹ̀ ibẹ̀ ni kò tíì tán lára mi.

Màmá ni mo ń pè wọ́n. Kéwú tí mo kà ní kékeré ni mo fi ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú èdè wọn, ìyókù sì mọ́ mi lára nígbà tó yá. Màmá ò lè rìn mọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn pé. Láràárọ̀ ni wọ́n á ní kí n pọn omi kún gbogbo ike tó wà nílé, bẹ́ẹ̀ omi ẹ̀rọ ń dà ṣàà. Búrẹ́dì tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á ní kí n sá a gbẹ, kí n kó o pamọ́. Mo kà á sí ọ̀rọ̀ ogbó.

Lọ́jọ́ kan, nínú oòrùn wọn tó ń jó èèyàn bí iná, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá tutù bàjẹ́. Iléeṣẹ́ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe rán ọkùnrin kan wá, bí ẹni ogójì ọdún. Ó kí wa. Bí Màmá ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀, ojú wọn yí padà.

“Ará ibo ni ọ́?”

“Ará Ìrákì ni mí, Màmá.”

“Jáde nílé mi.”

Ọkùnrin náà wò mí lójú, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

A jókòó sínú ooru náà. Mò ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ wọn, inú ń bí mi, nítorí ó ti rẹ̀ mí. Mo ní, “Màmá, kí ni ọkùnrin yẹn fi ṣe yín?”

Wọ́n tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn tó gbà jáde.

“Àwọn èèyàn rẹ̀ ló wá bá wa nílé, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún,” ni wọ́n wí. “Wọ́n ti bá ẹlòmíì jagun fún ọdún mẹ́jọ, àpò wọn gbẹ, wọ́n sì jẹ wá ní gbèsè. Wọ́n ní epo tí à ń wà ti pọ̀ jù, pé àwa la jẹ́ kí owó epo já wálẹ̀. Wọ́n tún ní à ń fa tiwọn lábẹ́ ilẹ̀ ní ẹnu ààlà. Àárọ̀ ọjọ́ kan la jí, ọkọ̀ ogun ti kún ìgboro.”

“Ṣé lóòótọ́ lẹ̀ ń fa epo wọn?”

“Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀? Ìyàwó ilé ni mí. Ọmọkùnrin mi jáde lọ wá búrẹ́dì, wọ́n mú un. Títí dòní, mi ò rí òkú rẹ̀. Oṣù méje ni wọ́n lò. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè míì wá gbà wá, tí wọ́n ń lé wọn lọ, wọ́n ti iná bọ àwọn kànga epo. Ọ̀sán dòru. Epo tí wọ́n tìtorí ẹ̀ wá náà ni wọ́n sun.”

Mo ń nu ẹsẹ̀ wọn lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin kan náà ni wọ́n tún rán wá, wọn ò rí ẹlòmíì. Màmá jẹ́ kó wọlé. Nígbà tó parí iṣẹ́, wọ́n bi í pé, “Bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé ó wà lára wọn?”

“Ó wà lára wọn, Màmá. Ìjọba wa ló mú un lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà yẹn. Kò padà wálé.”

Màmá ò sọ pé àwọn dárí jì í. Wọ́n kàn ní kí n bu tíì fún un. Ó mu ún lóòró, ó dúpẹ́, ó lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Màmá kú sọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Ìbàfò wá sílé mi, ojú rẹ̀ le. Epo tún ti wọ́n sí i.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ká ní abẹ́ ilẹ̀ Ifọ̀ wa ni Ọlọ́run fi epo sí, ìyà yìí ì bá ti tán.”

Mo ní kó kọ́kọ́ jẹun. Nígbà tó jẹun tán, mo sọ ohun tí epo fà bá Màmá fún un, mo ní kó má gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé ta ló fẹ́ gbé ọkọ̀ ogun wá sí Ifọ̀. Mo kó abọ́ rẹ̀, mo lọ fọ̀ ọ́.