Àpótí Tó Wà ní Yàrá Ìyá Ọkọ Mi

Mo rántí ìgbà tí iná kékeré aláwọ̀ ewé kan máa ń ṣẹ́jú sí mi láti yàrá ìyá ọkọ mi, tí n kì í gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kọjá kí n má rẹ ohùn sílẹ̀. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Parakou, ló kó àpótí mẹ́ta wá sílé wa ní Tchaourou. Ó gbé méjì sí pálọ̀, ó gbé ẹ̀kẹta sí yàrá ìyá rẹ̀. Mo bi í pé kí ni wọ́n wà fún, ó ní ẹ̀ńtánẹ́ẹ̀tì ni, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀ńtánẹ́ẹ̀tì wo ló ń jẹ́ mẹ́ta? Kí ló sì gbé ọ̀kan dé yàrá ìyá?

Oyún mi àkọ́kọ́ bàjẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo agboolé ti gbọ́ nípa rẹ̀. Nígbà tí mo tún lóyún, mo fi í sínú. N kò tíì sọ fún ọkọ mi pàápàá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ṣábẹ̀ nìkan ni mo pè lórí wọ́sáàpù, mo sì jókòó sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpótí yẹn, sọ ọ́. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá ọkọ mi gba korobá omi lọ́wọ́ mi.

"Ìyàwó, gbé e sílẹ̀. Ìwọ nìkan kọ́ lo ni ara rẹ mọ́."

Ó ti mọ̀. Lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí: àpótí pálọ̀ ló ń gbọ́, ti yàrá ló ń rò fún ìyá. Àwọn àgbà ní ògiri létí, wọn ò kàn sọ pé etí ọ̀hún ń lo iná ni. Bí ìyá bá ti lọ sọ́jà Tchatchou, mo máa ń yọ́ wọlé lọ fi gèlè wé àpótí rẹ̀ pinpin. Nígbà tí ọkàn mi ò sì balẹ̀, mo fa wáyà àpótí tó tóbi jù ní pálọ̀ yọ.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ń wo ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí fóònù nígbà náà. Tata ni mo ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ dákẹ́ lójijì, ó jáde, ó bá mi pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́. Ojú tì mí, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá jókòó tì mí. Ó ní èyí tí mo fà yọ ni módẹ̀mù, òun ló ń gba ẹ̀ńtánẹ́ẹ̀tì wọlé láti ìta. Bó bá kú, kò sí fún ẹnikẹ́ni. Èkejì ni rútà, tó ń pín in fún fóònù kálukú. Ṣùgbọ́n agbára rútà kì í dé yàrá ìyá tó wà lẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kẹta fi wà níbẹ̀, kó máa gbà á lọ́wọ́ rútà, kó máa tì í síwájú.

"Kò sí èyí tó létí nínú wọn," ó ní.

Ara tù mí, mo ń fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ni tata bá bi mí pẹ̀lẹ́ pé, "Ta lo wá sọ ọ́ fún, ìyàwó wa?"

Mo ki wáyà náà bọ ibi tí mo ti fà á yọ. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. N kò bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè rí. Bóyá ó fẹ́ kí ẹnì kan máa ṣọ́ mi nílé ni, àánú sì ni, mo mọ̀. Bó bá pè mí, mo máa ń sọ fún un pé òjò ti ń rọ̀, kajú sì so dáadáa. Ó ṣì ń dùn mí. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn jù kó jẹ́ àpótí yẹn ló ṣe é.