Ọwọ́ Ràmọ́nù Lára Dùùrù Ọkọ Mi

Bí ẹ bá dé Igolo, lẹ́nubodè Benin àti Nàìjíríà, tí ẹ rí bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí alùpùpù tó ń fẹnu kọrin bó ṣe ń dúró de èrò, Ràmọ́nù nìyẹn. Ẹ má wulẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀, etí rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ yín. Èmi Scholastique, láti ìgbà tí Dieudonné ti gbé mi níyàwó ni mo ti ń bá Ràmọ́nù jà. Ìgbín fà, ìkarahun tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ òun àti ọkọ mi. Bí mo bá ń wá ọkọ mi, ilé Ràmọ́nù ni mò ń lọ.

Kí ẹnikẹ́ni ní Ifangni ìlú wa tó mọ̀ pé iná mànàmáná lè kọrin, àwọn méjèèjì ti sọdá ẹnubodè sí Nàìjíríà lọ ra dùùrù oníná méjì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ olórin kan tó tú ká. Ohùn kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jẹ́ méjì: ọ̀kan á dá orin, èkejì á gbè é. Ọwọ́ ọ̀tún á máa tẹ̀, ọwọ́ òsì á máa yí bọ́tìnnì kí ohùn lè nípọn tàbí kó tín-ín-rín. Àwọn ará Ko-Koumolou ìtòsí wa ní ṣe ló ń ké bí ewúrẹ́ tó jìn sí kòtò, ṣùgbọ́n wọ́n jó o. Mùsùlùmí ń pè wọ́n sí ìsọmọlórúkọ, àwa Kátólíìkì ń pè wọ́n sí ìgbéyàwó.

Bon, ẹ gbọ́. Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ dá ọkọ mi wó. Apá ọ̀tún kú, ahọ́n wúwo. Ojú mi rí màbo, ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé kò sí ohun tó ń kọ̀ mọ́. Ọkùnrin tí ọbẹ̀ mi kì í tẹ́ lọ́rùn! Ẹ gbé e síbí, ó gbà. Ẹ gbé e sọ́hùn-ún, ó gbà. Amandine ọmọ wa fi píánò tuntun ránṣẹ́ láti Kútọnu, èyí tó ń lu ìlù fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù bà mí pé ọkàn rẹ̀ ti lọ ṣáájú ara.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni Ràmọ́nù so dùùrù méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù wá. Mo dí ẹnu ọ̀nà, mo bi í bóyá ó fẹ́ fi aláìsàn ṣẹ̀sín ni.

Ó ní, “Ìyàwó wa, ohùn kan ni, ìka kan ló fẹ́. Ẹ yà fún mi.”

Ó gbé ọ̀kan síwájú ọkọ mi, ó gbé ìka ọwọ́ òsì ọkọ mi lé e. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ apá tó kú. Ó ń fọwọ́ ọ̀tún tẹ tirẹ̀, ó na ọwọ́ òsì láti máa bá ọkọ mi yí bọ́tìnnì. Ó tẹ̀, ó dúró. Dieudonné ò mira. Ó tún tẹ̀, ó tún dúró. Inú ti ń bí mi, mo ti fẹ́ lé e síta, kí ìka òsì yẹn tó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún tẹ̀. Orin náà ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n orin ni. Ara Ràmọ́nù yá gágá, ó yí bọ́tìnnì títí ohùn fi han goooro.

Ọkọ mi dá orin dúró, ó gbá ọwọ́ Ràmọ́nù dànù. Ẹnu rẹ̀ wọ́, ó ń wá ọ̀rọ̀.

“Ó… pọ̀ jù.”

Ràmọ́nù dá bọ́tìnnì padà díẹ̀díẹ̀, omijé ń bọ́ sí i láyà. Ó bi í bóyá ó ti dáa báyìí. Ọkọ mi mi orí pé rárá.