Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ní Kò Yẹ ní Títúnṣe

Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ búlúù kan ni mo máa ń wà lọ síbi iṣẹ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mò ń ṣe ní ìlú òyìnbó níbí. Bí mo bá ti wẹ ẹnì kan tán ní Eastbury, tí mo ti po tíì fún un, ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ní Dagenham Village. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tí kò sì ní ọkọ̀, bọ́ọ̀sì ni yóò máa sáré lé kiri.

Láàárọ̀ Sátidé kan, mò ń din àkàrà lọ́wọ́ ni mo gbọ́ gbàmù níwájú ilé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló fẹ́ yẹra fún ológbò, ló bá lọ gbá tèmi níbi tí mo páàkì í sí. Ilẹ̀kùn méjèèjì apá ọ̀tún tẹ̀ wọnú, gíláàsì wọn fọ́ wómúwómú. Awakọ̀ náà, bàbá onírun funfun kan, bọ́ sílẹ̀, ó ń bẹ̀ mí ṣáá. Èmi tí wọ́n ba ọkọ̀ mi jẹ́ ni mo tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó, mo bu omi fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin kan pè mí láti ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì. Ó ní ohun tí àtúnṣe ọkọ̀ náà máa ná àwọn ju iye tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó lọ, pé àwọn ti kà á sí èyí tí kò yẹ ní títúnṣe. Wọ́n máa sanwó fún mi, wọ́n á sì wọ́ ọ lọ. Ó dùn mí bí ẹni pé èmi gan-an ni wọ́n bú. Nǹkan kan kò ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀!

Mo bi í pé, "Ṣé mi ò lè mú un padà ni?"

Ó ní mo lè mú un, pé àwọn á yọ iye tí àwọn ì bá tà á kúrò nínú owó mi, ṣùgbọ́n lẹ́tà N yóò wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ títí ayé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé egungun ọkọ̀ náà kò yẹ̀, ara rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ọkọ mi wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìyá Ìbejì, òkú ọkọ̀ lo fẹ́ rà?"

"Kò tíì kú, Bàbá Ìbejì. Ẹ sáà jẹ́ ká gbé e lọ fún Bàbá."

Bàbá yìí, ará Ìjẹ̀bú, àgbà ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí à ń lọ. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Rippleside níbi tó ti ń tún ara ọkọ̀ ṣe. Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.

"Ta ló ní kò ṣe é ṣe?"

"Inṣọ́ránsì ni, sà."

"Rárá o. Wọ́n ní kò pé àwọn ni. Ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan má ṣe é ṣe, ọ̀tọ̀ ni kó má pé èèyàn."

Ó wá ilẹ̀kùn àlòkù méjì, pupa ni wọ́n. Ó kùn wọ́n ní búlúù, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ràn, wàá rí i pé búlúù yẹn kò jọra. Kò dà mí láàmú.

Inṣọ́ránsì àtijọ́ ti parí nígbà tí wọ́n sanwó fún mi; tuntun ló wá di wàhálà. Àwọn tí mo wà lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀ ní àwọn kì í gba ọkọ̀ tó bá ti ní lẹ́tà. Àwọn méjì mìíràn sọ bákan náà.

"Má dárúkọ lẹ́tà yẹn mọ́," ni ọkọ mi wí. "Ta ló máa mọ̀?"

"Kọ̀ǹpútà wọn máa mọ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní mo parọ́, wọn ò sì ní san kọ́bọ̀. Mi ò lè máa wakọ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù."

Nígbà tó yá, ó fa àga sún mọ́ mi, ó mú fóònù tirẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì.

Òun ló rí ẹkẹrin. Obìnrin tó gbé fóònù wọn fara balẹ̀ bi mí ohun tó bàjẹ́ àti ẹni tó tún un ṣe. Ó ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́, kí n sì gbé ọkọ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún, èyí tí wọ́n ń pè ní MOT, bí àkókò rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì tó. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ohun tó ṣe sínú ìwé. Ọkọ̀ náà yege lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, kó yé yín," ni obìnrin náà wí, "tó bá tún bàjẹ́ pátápátá, iye tí a máa san kò ní tó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

Mo ní ó yé mi. Ká tó jẹun ọ̀sán, ìwé inṣọ́ránsì ti wọlé sórí fóònù mi. Mo dúró sí àárín kíṣíìnì, mo jó díẹ̀.

Ní Sunday, lẹ́yìn ìsìn, ọkọ mi ní kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́, òun fẹ́ ra iṣu ní Ripple Road. Ó pẹ́ kó tó dé. Mo bi í bóyá iṣu wọ́n ni.

"Iṣu ò wọ́n," ló wí. "Mo kàn wà á yíká díẹ̀ ni. Bíréèkì rẹ̀ dáa ju ti ọkọ̀ tèmi lọ."

Mo gba iṣu lọ́wọ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ́.