Ọmọ Tí Egungun Rẹ̀ Dàgbà Jù Ú Lọ

Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo tóbi débi pé èmi fúnra mi ni mo rìn lọ sí Akẹ̀sán lọ ra ọ̀já tí wọ́n fi pọ̀n mí. Mo sì ná an dáadáa. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ìyá ọlọ́jà, bó bá ṣì wà láyé.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí pa àdúgbò lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wá bí ọmọbìnrin kan nílé, tó gùn gbọọrọ, tí kò sí fìlà ìkókó tó gba orí rẹ̀, "Bàbá ló jọ" ni wọ́n ń wí. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, ó ti ga tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Iwájú orí rẹ̀ gbòòrò, àgbọ̀n rẹ̀ ṣe ṣónṣó, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò yọ lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀.

Nígbà tó pé mẹ́rin, èmi àti ìyá rẹ̀ mú un lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀gá tíṣà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Mẹ́rin, sà," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Mẹ́rin báwo? Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan etí."

Nígbà tiwa, bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tó tó iléèwé nìyẹn: ọwọ́ ọ̀tún á gba àárín orí kọjá, á kan etí òsì. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ rẹ̀ gba orí. Ọwọ́ kọjá etí, ó dé ọrùn.

"Praimárì wan!"

Mo ní, "Ọ̀gá, mẹ́rin ni lóòótọ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ra ọ̀já ara yín l'Ákẹ̀sán? Ẹ jọ̀ọ́ o!"

Ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Kò lè di pẹ́ńsù mú. Àwọn ọmọ ń pè é ní àgbàyà, tíṣà ń nà án torí ó ń tọ̀ sára. Bó bá ti iléèwé dé, á gbé orí ńlá yẹn lé mi lẹ́sẹ̀.

A gbé e lọ sí ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ya àwòrán egungun ọwọ́ rẹ̀.

Dókítà ní, "Egungun ọmọ ọdún méje nìyí."

Inú mi bàjẹ́. Egungun pàápàá ń jẹ́rìí èké mọ́ wa.

"Ṣùgbọ́n mo gbà pé mẹ́rin ni, Bàbá. Àìsàn àbímọ́ni ni, kò wọ́pọ̀. Ara ń sáré, ọpọlọ ń rìn jẹ́jẹ́. Á kọ́ ẹ̀kọ́, bó bá wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ta ló tóbi báyìí nígbà tí wọ́n bí i nínú ìdílé yín?"

Ọmọ mi wò mí.

Mo ní, "Kò sí."

A padà sí iléèwé. Bí ọ̀gá tíṣà ṣe gbọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ náà lójú gbogbo iléèwé, ó fà á lọ́wọ́ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi.

Irọ́ ni. Bíńtín ni wọ́n bí mi, mi ò ra ọ̀já kankan. Ọ̀gá tíṣà kò sì dọ̀bálẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Egungun ọdún méje! Ṣé ẹ ti gbọ́ báyìí?" Ó nawọ́ sí praimárì wan.

Ìyókù ṣẹlẹ̀. A kò mú un padà síbẹ̀ mọ́; ilé lọ́dọ̀ mi ni ọmọ náà wà. Ó ti pé márùn-ún. Ẹ gbà tàbí ẹ má gbà.