Imú Tí Mo Yá Ìyá Àgbà

"Kí ni imú rẹ wí?"

Ìyá àgbà ò gbójú sókè kúrò lára ápù tí wọ́n ń bó. Mo na ọrùn sí páànù orí sítóòfù, mo sì fa òórùn rẹ̀ símú. "Bọ́tà yẹn ti yọ́, Mà. Kò tíì jóná." Wọ́n mi orí, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n tún mú ọ̀bẹ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gba ààwẹ̀ láti sààrì títí dé ìrọ̀lẹ́, ọkàn mi ò sì balẹ̀ láti àárọ̀.

Èmi àti wọn nìkan la mọ̀ pé wọn ò gbóòórùn mọ́. Ọ̀fìnkìn kan ló ṣe wọ́n lọ́dún tó ṣáájú. Ọ̀fìnkìn lọ, kò dá imú padà. Ọbẹ̀ jóná mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kejì sì sọ ògiri ilé ìdáná di dúdú dé òrùlé. Àǹtí Èkó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, rò pé ọjọ́ orí ló fà á. Wọ́n ní bí nǹkan bá tún jóná lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn á wá kó Màmá lọ sí Èkó, níbi tí wọn ò ti ní sún mọ́ iná mọ́. Ìyá àgbà ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn níyàwó wọ agboolé wa ní Bẹẹrẹ, wọn ò sun ibòmíràn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ rí. Wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí mo ṣe di imú wọn nìyẹn. Bí mo bá ti ti ilé-ìwé dé, ilé ìdáná ni mò ń gbà lọ tààrà.

Àǹtí ń bọ̀ wá bá wa ṣínu lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà ní àwọn á ṣe kírọ́ńbù fún wọn, oúnjẹ alápù tí wọ́n kọ́ ní ilé òyìnbó kan l'Àgọ́dì, níbi tí wọ́n ti ń bá kúùkù ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó lọ́kọ. Òun ni Àǹtí fẹ́ràn jù láti kékeré. Ta ni ò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ fi han ọmọ wọn pé ọwọ́ wọn ṣì dá ṣáṣá ni?

Wọ́n gé ápù wẹ́wẹ́, wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó má baà dúdú, wọ́n da ṣúgà lé e. Wọ́n wá fi ọwọ́ po bọ́tà mọ́ ìyẹ̀fun àti óòtì, èyí tí a sábà máa ń rò bí ògì láàárọ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi dà bíi gààrí tí wọ́n wọ́n omi sí. Wọ́n dà á bo ápù lórí. Mo bi wọ́n bóyá kí n tọ́ ọ wò.

"Rárá o, ọkọ mi. Ààwẹ̀ lò ń gbà. Imú rẹ nìkan ni mo fẹ́ yá."

A ò ní ófùnnù. Ìkòkò irin ńlá ni wọ́n máa ń rọ iyanrìn sí, wọ́n á gbé abọ́ náà lé iyanrìn, wọ́n á dé e pa, wọ́n á sì kó ẹ̀yinná sórí ìdérí rẹ̀. A kì í ṣí i wò, nítorí eérú lè já sí i. Òórùn rẹ̀ la fi ń mọ̀ bó bá jinná. Wọ́n gbé e ka iná èédú bẹ́ẹ̀, wọ́n kírun alásárì tán, wọ́n jókòó sórí ẹní nítòsí ìkòkò, wọ́n mú tẹ̀sùbáà wọn. "Bó bá ti ń ta sánsán, pè mí. Má jẹ̀ẹ́ kó kọjá ibẹ̀."

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ohun tí mo gbọ́ nílé kéú. Ọmọ kan tó jù mí lọ ló sọ fún wa pé ẹni tó bá gbóòórùn oúnjẹ tí itọ́ kún ẹnu rẹ̀, tó sì gbé e mì, ààwẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ti bọ́tà ò fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ápù àti ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú ìkòkò yẹn, itọ́ dà bo ẹnu mi. Mo tutọ́ títí ọ̀fun mi fi gbẹ, itọ́ ò tán. Ó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, ṣé ibẹ̀ ni ààwẹ̀ mi á ti wá bàjẹ́? Mo fa ìborí mi wálẹ̀, mo dì í mọ́ imú pinpin. Mo ní màá máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ ṣí i, ẹ̀rù á tún bà mí, màá sì sọ fún ara mi pé ó kù díẹ̀ sí i. Èéfín ń rú, ṣùgbọ́n èédú náà ń rú èéfín, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti ìkòkò níbẹ̀.

"Màmá, kí ló ń jóná?"

Àǹtí ni, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n sáré wọlé, wọ́n fi àkísà ti ìkòkò kúrò lórí iná. Ìyá àgbà jókòó sórí ẹní, èéfín yí wọn ká, wọ́n rọra ń fa tẹ̀sùbáà, ojú wọn sì tutù pẹ̀sẹ̀. Mo ṣì ń rí ojú yẹn títí dòní. Nígbà tí wọ́n ṣí ìkòkò, etí abọ́ ti dúdú yí po, àárín nìkan ló ṣẹ́ kù.

"Màmá, ẹ jókòó tì í báyìí, ó ń jóná?"

"Èmi ni, Àǹtí," ni mo sọ kíákíá. "Ìyá àgbà ti gbóòórùn ẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ní kí n pe ẹni tó máa gbé e kalẹ̀, eré ni mò ń ṣe, mo gbàgbé."

Àǹtí wò mí. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n kọjú sí mi láti bá mi wí, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti gbà mí gbọ́. Ìyá àgbà gbé tẹ̀sùbáà kalẹ̀.

"Ọkọ mi, má parọ́. Ààwẹ̀ tó o ti gbà látàárọ̀, o ò ní tìtorí mi bà á jẹ́." Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Mi ò gbóòórùn mọ́. Ó ti ń lọ sí ọdún kan. Òun ló ń bá mi gbọ́ ọ."

Àǹtí wá àpótí, wọ́n jókòó. Wọn ò pariwo. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?"

"Kí n sọ, kó o wá kó mi?"

Wọ́n pe ìrun mọ̀gàríbì. Ìyá àgbà fi dàbínù sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ọlọ́run á gbà á. Ààwẹ̀ rẹ pé." Mo ṣe àmín. A jẹ àárín kírọ́ńbù náà, ó sì dùn. Àǹtí ń jẹ tiwọn, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, wọ́n wá kó Màmá lọ sí Èkó. Mi ò dá Àǹtí lẹ́bi, ilé ì bá jó lọ́jọ́ kan. Ìyá àgbà lo ọdún mẹ́rin lọ́hùn-ún kí wọ́n tó di olóògbé, àwọn tó bá wọn gbé sì sọ pé wọ́n máa ń béèrè ohun tí àwọn ń sè. Èmi náà ti ní ófùnnù tèmi, ó ní gíláàsì tí mo lè máa wò. Síbẹ̀, bí nǹkan bá wà nínú rẹ̀, mi ò lè jókòó. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mò ń ṣọ́ kéèkì bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.

Mo ti dàgbà kí n tó bi ààfáà kan léèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òórùn kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, itọ́ ẹnu ẹni náà kì í bà á jẹ́. Mi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà yọ̀ǹda ilé wọn kí ààwẹ̀ mi lè pé, wọ́n sì lọ láìmọ̀ pé èmi ni mo dì wọ́n nímú.