Ìka Méje ní Etí Gọ́tà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọn omi. Gọ́tà ńlá oníkọnkéré ló ń gbé omi láti odò lọ sí oko. Ní ìparí rẹ̀, omi á já bọ́ sínú adágún kan. Adágún yẹn ni àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ ń lò.

Etí ibi tí omi ti ń já bọ́ gan-an ni pátákó ìwọ̀n wà. Láràárọ̀, n ó ka bí omi ṣe ga tó lára rẹ̀, n ó wo ìwé ìṣirò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì, n ó sì kọ iye omi tó kọjá. N ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé omi tó bá fẹ́ já bọ́ máa ń fẹ́lẹ́. Bí èèyàn bá sún sẹ́yìn díẹ̀ kúrò létí, omi jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Etí nìkan ni wọ́n ṣe ìwé ìṣirò náà fún.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ni mo kọ́ níṣẹ́ náà. Nígbà tí ojú mi di bàìbàì, òun ló ń kà, èmi ń kọ. Oko tirẹ̀ wà lókè gọ́tà, lápá odò.

Lọ́dún kan, ewé àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í ká nísàlẹ̀. Ìwé mi ní omi pé. Àwọn àgbẹ̀ ya wọ ọ́fíìsì. Ọ̀kan nínú wọn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́:

"Bàbá, ṣé ìwé yín ni ká fún àgbàdo mu ni?"

Ẹnjiníà tó jẹ́ ọ̀gá wa ní bí n ò bá lè ṣàlàyé, wọn á kọ orúkọ mi sílẹ̀ ní olè omi.

Mo ní ká lọ síbẹ̀. Mo fọwọ́ tọ ògiri gọ́tà. Pátákó ò sí létí mọ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n gbé e sẹ́yìn, síbi tí omi ti jìn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré.

"Ta ni Bàbá ń dọ̀bálẹ̀ fún?" ni àgbẹ̀ yẹn wí.

"Omi ni."

Mo ki ọ̀pá bọ omi létí: ìka méje. Mo ki ọ̀pá kan náà bọ ẹ̀gbẹ́ pátákó: ìka mẹ́wàá. Ẹnjiníà ṣírò rẹ̀. Omi tó ń dé ìsàlẹ̀ ò tó ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ohun tí mo kọ. Ìyókù ti ń yà sí oko òkè kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ta ló gbé pátákó yìí?" ni Ẹnjiníà bi wá.

Àbúrò mi ò wo ojú mi. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n gbé e. Ṣé èmi ni mò ń kọ̀wé ni?"

Ti ìwé yẹn, òótọ́ ni. Ọwọ́ mi ló wà nínú ìwé látòkè délẹ̀.

Àgbẹ̀ tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní, "Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀ o."

Mo ní, "Bí mo bá mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà, ṣé èmi ni n ó ní kí ẹ wá wò ó?"

Wọ́n dá pátákó padà sí etí. Wọn ò pè mí lólè, ṣùgbọ́n wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi nítorí ojú mi. Wọ́n lé àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyàwó mi ní kí n dárí jì í, ọmọ ìyá ni. Bó bá kí mi, mo máa ń dáhùn. Ṣùgbọ́n bó bá ní òjò ń rọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ síta.